Iyèkan Àbí Ọbàkan

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Màmá mi fọ́ mi létí láyé mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń ha ìdí ìkòkò ìrẹsì jẹ, mo wá béèrè pé, "Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní ọbàkan?" Ọmọ kan ní kíláàsì wa ló sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí n tó pa ẹnu dé, etí mi ti gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò ṣíwọ́ jíjẹ o, ó kàn lọ jẹ ẹ́ níbòmíì ni. Bàbá wa jáde láti yàrá, wọn ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló pa mí lẹ́kún. Wọ́n ní kò sí ọbàkan nílé àwọn, ẹni tó bá tún fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu á febi sùn.

Mi ò tún sọ ọ́ mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èébú rárá. Ẹni tẹ́ ẹ jọ jáde nínú ìyá kan náà ni iyèkan yín. Ẹni tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló pa yín pọ̀ ni ọbàkan. Ṣùgbọ́n nínú agboolé ńlá bíi tiwa ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ tó máa ń túlé ni. Àwọn tó ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn ló sábà máa ń sọ ọ́. Mo rò pé ìdí ìfọ́tí náà nìyẹn, mo sì dárí ẹ̀ ji Màmá.

Àwa méjì péré ni Màmá ní. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ, mi ò sì pè é ní "ẹ" rí àfi tí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lójú ọ̀nà pólì, àwọn ìyá tó ń ta yìnyín ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà ẹ̀. Tó bá tún firísà ìyá kan ṣe tán, á ju omi inú ọ̀rá kan síbẹ̀, á jókòó tì í títí á fi dì, á wá rọra yọ́ lọ bá ìyá náà, á fi kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́ lójijì. "Ẹ fara kàn án, àbí ẹ ò gbà mí gbọ́?" Ìyá á pariwo, á ṣépè fún un, á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ìyá tí kò fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ló ń pè ní Tíṣà Onípàṣán, nítorí pé iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, ó sì ní inú mi máa ń tètè bí. Kò purọ́ mọ́ mi. Inú mi máa ń tètè bí lóòótọ́.

Ó di ẹni ogójì ọdún, kò fẹ́yàwó, kò sì lọ́mọ. Gbogbo àdúà Màmá, orí ẹ̀ ló ń dá lé. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ìyàwó níjọ́ Iléyá, á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé apá àgbò yín dé Ara ná." Ọdọọdún ni Màmá máa ń gé odidi apá àgbò kan sọ́tọ̀, wọ́n á ní kó gbé e lọ fún ìyá kan ní ìlú Ara, tó ń ta gàárì fún wọn. Mo máa ń kùn. Irú onígàárì wo ló ń jẹ odidi apá àgbò, tí èmi ọmọ inú ilé ń fa egungun? Màmá á ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, pé gàárì ìyá náà kì í ní yanrìn.

Ọjọ́ tó lọ sí Ìbàdàn kẹ́yìn, kọ̀mpírẹ́sọ̀ fíríìjì ló fẹ́ lọ rà. Ó yọjú sí mi láti wíńdò kíláàsì, ó ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì mi bá òun pariwo "Tíṣà Onípàṣán!" Wọ́n sì pariwo ẹ̀. Mo ju ṣọ́ọ̀kì lù ú. Bí mo ṣe dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Nígbà tó ń bọ̀, tánkà agbépo kan ṣubú sójú ọ̀nà márosẹ̀, ó gbiná, ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an sì ni bọ́ọ̀sì tó wọ̀ wà. Àwọn tí ojú wọn ṣì ṣeé dá mọ̀, àwọn ẹbí wọn gbé wọn. Àwọn yòókù, inú kòtò ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n sin gbogbo wọn sí. Nígbà tá a fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, iyẹ̀pẹ̀ ti bò wọ́n. Mo bú gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń ta omi fún wọn. Kò sóhun tó yí padà.

Màmá ò gbà. Nígbà tí àwọn ẹbí fẹ́ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní, "Àdúà ta ni? Ta ló rí òkú? Mùsùlùmí ni wá. À ń wẹ òkú, à ń fi aṣọ funfun dì í, à ń kírun sí i lára. Èwo lẹ ṣe níbẹ̀?" Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ tiẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, tí mo bá ti ilé ọkọ mi yà kí wọn, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́. Ẹran ńlá ńlá ló máa ń wà níbẹ̀, irú èyí tí kò jẹ́ kí n fojú kàn nígbà ayé ẹ̀, mo sì máa ń sunkún jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọdún kẹta, ariwo àwọn ẹbí pọ̀. Ìjọba wá ní àwọn máa hú kòtò náà, káwọn fi DNA yẹ egungun tó wà níbẹ̀ wò, kí oníkálukú lè gbé èèyàn ẹ̀ lọ sin. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin náà mọ ohun táwọn èèyàn wa ń pè ní DNA. Ọkọ tó bá fura síyàwó ẹ̀ ló ń ṣe DNA. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ilé wa fẹ́ ṣe DNA. Ìyá kan tó ń dirun nítòsí wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Tíṣà, ṣé ọkọ ẹ ló fura ni? Àwọn ọmọ ẹ kúkú jọ ọ́." Màmá ní tiwọn gbéná wojú mi.

"Bàbá yín ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ta ló wá jí dìde tó ń bi mí pé ta ló ni oyún tí mo gbé?"

"Màmá, kì í ṣe ti Bàbá. Egungun ni wọ́n fẹ́ fi wé yín."

"Kí wọ́n fi wé mi. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi lọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbọọrọ la bá lẹ́yìn tábìlì nílé ìwòsàn tí wọ́n ní ká wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, irú ọmọ tí mo lè bí. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí ẹ̀, ó fẹ́ fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa. Ó ní ohun tó bá mọ́ òwú náà ti tó àwọn. Màmá ní, "Ṣé kò sí ewu? Mo jẹ obì láàárọ̀ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún wọn kí wọ́n fi yọ ẹnu. Ó wá fa fọ́ọ̀mù síwájú, ó ń béèrè. Ṣé ó lọ́mọ? Kò lọ́mọ. Ṣé bàbá ẹ̀ wà láyé? Kò sí mọ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Èmi ni."

Wọ́n dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara ẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, ọmọbìnrin náà pè mí. Nínú gbogbo egungun tí wọ́n hú, kò sí èyí tó bá Màmá mu. Mo gbé fóònù fún Màmá kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́. Ha! Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, wọ́n fò sókè. "Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀! Ṣé mi ò sọ fún yín!" Wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàárà yí gbogbo àdúgbò ká. Wọ́n kó aṣọ ẹ̀ jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n lọ̀ ọ́. Èmi náà, tíṣà tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo bá wọn gbà á gbọ́ díẹ̀. Bóyá ó fara pa ni. Bóyá orí ẹ̀ dàrú, tó ń rìn kiri ìlú onílùú, tó ń fi yìnyín kan àwọn ìyá lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo lọ̀ aṣọ náà, kò sí ibi tó hun jọ lára ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin yẹn tún pè. Ọ́fíìsì àwọn tíṣà ni mo wà.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín yìí, iyèkan ni yín ni àbí ọbàkan?"

Orí mi gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ṣé ẹnu ẹ ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde? Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n tìẹ ńkọ́?" Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo tíṣà tó wà níbẹ̀ ń wò mí, mo bá àwọn náà wí.

Ọmọ náà ní sùúrù. Ó tún pè. Ó ní egungun ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jọ tèmi, bí ọmọ bàbá kan náà ṣe máa ń jọra, ṣùgbọ́n kò bá ti Màmá mu níbì kankan. Ó ní nǹkan kan wà lára èèyàn tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í fún ọmọ, bàbá kì í fi fúnni. Gbogbo ọmọ tí obìnrin kan bí ló máa ní in, gbogbo iyèkan obìnrin náà sì ní in pẹ̀lú. Egungun yẹn ní tiẹ̀, kì í ṣe ti Màmá. Tí kò bá sí ẹbí ìyá tí wọ́n lè fi wé, àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. Ó wá ní òpin oṣù yẹn ni wọ́n máa dí kòtò náà padà, ẹni tí kò bá lẹ́ni tó wá gbé e, ibẹ̀ náà ló máa padà sí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé, etí mi tún gbóná, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màmá fọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n ń ká aṣọ tí mo lọ̀. Mo dúró jìnnà díẹ̀ kí n tó sọ ọ́. "Màmá, ọmọbìnrin ọjọ́sí pè. Ó ní ṣé iyèkan ni wá àbí ọbàkan." Mo ti fọwọ́ bo etí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Wọn ò dìde. Wọ́n di ṣẹ́ẹ̀tì kan mú, wọ́n ń wò ó. "Mo ti gbàgbé," ni wọ́n wí.

"Ẹ gbàgbé kí ni?"

"Pé kì í ṣe èmi ni mo bí i. Mo fi Ọlọ́run búra fún ẹ, mo gbàgbé ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́. Bàbá wa fẹ́ ìyàwó kékeré kan lé Màmá, ọmọ Ara ni, kò tíì pé ogún ọdún. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìyẹn, Màmá ti sin ọmọ tuntun tiwọn, ọmú wọn kún, ó ń dùn wọ́n, ó ń rin aṣọ mọ́ wọn lára. Bàbá wa fi ìró wé ọmọ ìyàwó kékeré yẹn wọlé, wọ́n gbé e lé Màmá lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ọbàkan nílé wa.

Mo ro gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà sọ fún wọn, títí kan ti ẹbí ìyá àti kòtò tí wọ́n fẹ́ dí padà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, inú bí mi gan-an. "Màmá, wọ́n kúkú bi yín! Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ ní ẹ̀yin ni!"

Inú bí àwọn náà. "Kí ni kí n sọ? Ta ló tún bí i? Ta ló pọ̀n ọ́n títí tí ìgbóná fi lọ? Ta ló kọ́ ọ rìn? Àlùfáà pàápàá ní ẹni tó fún ọmọ lọ́mú, ìyá ẹ̀ ni." Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì náà bojú, abẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. "Iyèkan ìyàwó kékeré yẹn ṣì wà ní Ara. Òun ni mò ń fi apá àgbò ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi egungun yẹn wé e, tó bá a mu, ọmọ mi ti kú nìyẹn. Kò sì ní jẹ́ tèmi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa pàdánù ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Mo jókòó tì wọ́n, mo gbórí lé èjìká wọn, àwa méjèèjì sunkún dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé wọ́n á dá a padà sínú kòtò yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n fa ìborùn.

"Lọ pe kẹ̀kẹ́ wá. Ọmọ mi ò ní sùn sáàárín àwọn tí kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá Ara ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tá a dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa wo ojú wọn dáadáa nìyẹn, mo sì rí imú ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Imú yẹn gan-an, tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ibo ló ti rí i. Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde, èmi ni mo rò ó. Mo sọ ti kòtò, mo sọ ti egungun, mo sọ ti òwú. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kó má di ohun tí wọ́n á máa sọ káàkiri. "Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ títí tó fi lọ."

Ìyá Ara gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ni kò mọ̀? Ó mọ̀ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó gbé ẹran Iléyá wá, tó ní kí ló dé tí òun fi jọ mí. Mi ò lè purọ́ fún un. Ibi tó o jókòó sí yẹn náà ló jókòó sí. Ó mu gàárì tán, ó wá ní, 'Ẹ má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé mo ti mọ̀ o. Wọ́n á rò pé mò ń wá ìyá míì ni.'"

Màmá la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín gidi, kí ẹkún tó dé. "Ọmọ burúkú! Ẹ wo ọmọ burúkú yìí! Gbogbo ọdún yẹn! Á gbé apá àgbò lérí, á tún máa bi mí pé, 'Màmá, ṣé onígàárì yẹn náà ni?'" Ìyá Ara ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ nu ojú ara wọn. Èmi nìkan ni inú ń bí, pé nínú odidi ilé wa, èmi tí mo pera mi ní tíṣà nìkan ni mi ò mọ nǹkan kan.

Òwú Ìyá Ara bá egungun náà mu. Òun ni. A gbéra, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a lọ gbé e. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn mú fọ́ọ̀mù wá, ó ní Ìyá Ara ló yẹ kó tẹ̀ka, torí pé tiwọn ló bá a mu. Ìyá Ara tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá fa ọwọ́ Màmá, wọ́n ki àtàǹpàkò wọn bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ọmọbìnrin náà ní ààyè ẹni kan ló wà níbẹ̀. Ìyá Ara ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá méjì ló ní." Ọmọ náà sì kọ ọ́. Mo fà á mọ́ra, mo bẹ̀ ẹ́ fún èébú orí fóònù.

Àpótí kékeré kan ni wọ́n fún wa, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Awakọ̀ wa lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Màmá ní, "Ta lò ń ṣíbẹ̀ fún? Ẹrù ni?" Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gba àpótí náà sórí itan, orí itan náà ló wà títí a fi kọjá afárá odò Ọ̀ṣun, tá a wọ Ẹdẹ. Àwọn ọkùnrin agboolé wa àti àwọn àlùfáà ti dúró sẹ́nu géètì ibi ìsìnkú, nítorí pé àwa obìnrin ò ní bá wọn dé ibi tí wọ́n gbẹ́. Ọkọ̀ dúró. Màmá ò dìde.

Mo na ọwọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e. Ó ti pẹ́ lórí itan yín."

Wọ́n sún ọwọ́ òsì wọn sábẹ́ igun kan àpótí náà, bí èèyàn ṣe ń ti orí ọmọ tuntun.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Kò wúwo. Bó ṣe wúwo náà nìyí, lọ́jọ́ tí bàbá yín gbé e lé mi lọ́wọ́."